Ọkàn Tí Kò Pariwo: Sí Màámi ní Ìkẹ́rẹ́

Màámi, ẹ kú ulé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú òyìnbó níbí. Ẹ kú àìríra, ẹ kú orúnkún tó ń dùn yín, ẹ kú bí ẹ ṣe ń dá jókòó sí pálọ̀ lálaalẹ́ tí ẹ ń retí kí fóònù dún. Mo kí Yẹ́misí àbúrò mi, mo kí àwọn àgbà ilé tí wọ́n ṣẹ́ kù, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá yín gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ mi láìmọ ohun tó ń ṣe mí.

Yẹ́misí ni kó bá yín ka lẹ́tà yìí, torí ojú yín. Tó bá kà á tán fún yín, kó kà á fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún ìwé ìròyìn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé wa máa rìn kiri. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ni mo ti ba nǹkan yìí jẹ́, níwájú èèyàn tó kún àgbàlá wa, mi ò sì lè tún un ṣe nínú yàrá.

Kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún yín lórí fóònù pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Irọ́ ni, Màámi. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì wa bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọkàn mi kò dára tó láti gbé èèyàn sẹ́yìn. Àárọ̀ ni mo máa ń pè yín, tí mo bá ti wẹ̀, kí ohùn mi lè dà bí ohùn ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá pa fóònù tán, mo máa ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ mọ̀ pé mo ní ṣúgà, ọdún kẹsàn-án rèé. Nítorí ẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n máa ń yẹ ara mi wò kí wọ́n tó jẹ́ kí n máa wa bọ́ọ̀sì lọ. Lọ́dún yìí, dókítà ibi iṣẹ́ wa bi mí bóyá àyà máa ń dùn mí. Mo ní rárá, kò dùn mí rí. Ó bi mí bóyá mo máa ń gun àtẹ̀gùn. Mo ní bọ́ọ̀sì mi jẹ́ alájà méjì, àti pé tí a bá ti dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn mo máa ń gun òkè lọ wò ó bóyá ẹnì kan gbàgbé báàgì tàbí ó sùn lọ. Ó ní ṣé mo máa ń gùn ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo máa ń dúró láàárín mí èémí, torí mo ti sanra. Àtẹ̀gùn náà kò ju mẹ́sàn-án lọ, Màámi. Dókítà náà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ìwòsàn ti ń pè mí. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà mi, wọ́n ní kí n máa rìn lórí ẹ̀rọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí nọ́ọ̀sì fi dá a dúró. Mo ní kò rẹ̀ mí, mo ní kó jẹ́ kí n máa lọ. Ó ní kì í ṣe èmi lòun ń wò, òun ń wo ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ. Wọ́n tún tì mí sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó rí róbótó, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó mú kí gbogbo ara mi gbóná bíi pé mo tọ̀ sára. Nígbà tó yá, wọ́n gba ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń tì í lọ títí ó fi dé ọkàn. Mi ò sùn. Ojú mi là kedere. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń wo ọkàn ara mi nínú rẹ̀, ó ń mì, àwọn iṣan rẹ̀ sì nà jáde bíi gbòǹgbò igi. Níbi mẹ́ta, mo rí i tí gbòǹgbò náà tín-ín-rín bí òwú, kó tó tún wá ṣe déédéé padà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dókítà ọkàn pè mí wọlé. Obìnrin kan tó kéré lára ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta tó ń bọ́ ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, àti pé kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Mo ní báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí àyà kò dùn mí lọ́jọ́ kan. Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé fún mi pé ṣúgà tó bá pẹ́ lára máa ń pa àwọn iṣan tó ń gbé ìrora, bó ṣe máa ń pa ti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní nínú ara ẹlòmíràn, ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á kígbe, àyà á máa fún un pinpin, á sì sáré wá sí ilé ìwòsàn. Nínú ara oníṣúgà, ọkàn lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Ẹni náà á kàn ní èémí òun kúrú. Tàbí ó máa ń làágùn láìṣiṣẹ́. Tàbí á ní inú ló ń run òun.

Màámi, ibi tó ti mẹ́nu kan inú rírun yẹn ni mi ò ti gbọ́ ohun tó sọ mọ́. Bàbá wa ni mò ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn tó máa ka èyí tí wọn kò mọ̀ wá. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Ilé wa wà ní Ìkẹ́rẹ́, ibi tó jẹ́ pé tí o bá ṣílẹ̀kùn àárọ̀, àpáta Olósùnta ni wàá kọ́kọ́ rí. Oko wa wà lọ́nà Ìsẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ ń ṣe oko náà látìgbà tí bàbá wọn ti kú. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ti sọ fún bàbá mi pé ó ní ṣúgà. Ó máa ń lo oògùn rẹ̀ tó bá rántí, tó bá sì ti lò ó tí ara rẹ̀ yá, á gbàgbé.

Lọ́dún tó kú, òun àti Bàbá Kékeré ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ààlà. Kò ju ìlà kòkó mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n wọ́n pariwo débi pé àwọn tó wà ní oko tó tẹ̀lé tiwa gbọ́. Àwọn àgbà ilé bá wọn parí rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, àwọn méjèèjì jọ lọ fọ́ kòkó. Bàbá Kékeré sun iṣu ní ahéré, wọ́n fi epo jẹ ẹ́. Kò pẹ́ sí i ni bàbá mi ní inú ń run òun. Ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Ó jókòó sídìí igi kòkó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Bàbá Kékeré pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó gbé e rìn títí dé ojú títì kí ó tó rí ọlọ́kadà. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀mí ti bọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Kò sí ẹni tó bèèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí gbogbo ilé ń bèèrè ni ohun tó jẹ, àti ẹni tó fún un jẹ.

Mo ti ọ̀nà òkè ọya dé, níbi tí mo ti ń ṣe agùnbánirọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ti kàwé, mo rò pé mo gbọ́n. Láàárín ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò àti ìgbà tí mo dé yàrá yín, ó tó èèyàn márùn-ún tó ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sọ̀rọ̀ sí mi létí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí jáde, Bàbá Kékeré bọ́ síwájú láti gbé ibi orí. Mo dìde. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ wà níbẹ̀, gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fún un lóúnjẹ kò ní gbé e.”

Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára pósí náà, ó ń wo ọwọ́ náà bíi pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn. Ẹlòmíràn wá gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ pè mí sínú ilé ìdáná, ẹ bi mí pé ṣé ojú mi ló rí i. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹ wò mí, ẹ dákẹ́. Ẹ ti dákẹ́ láti ìgbà náà. Inú bí mi sí yín fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi dàgbà tó láti mọ̀ pé tí opó bá gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀, wọn á ní òun náà mọ̀ sí i.

Kí ọdún kan tó pé, Bàbá Kékeré kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ẹmùré, lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Kò sí ẹni tó lé e. Àwọn èèyàn kàn ò jẹun ní ilé rẹ̀ mọ́ ni. Tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé iṣu lọ sọ́jà, wọ́n á wò ó, wọ́n á ra ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé.

Mo jókòó níwájú dókítà yẹn, mo sì ń kó o jọ. Mo rántí pé tí a bá ń lọ sóko, bàbá mi máa ń dúró ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, á fọwọ́ ti igi, á ní òun ń wo èso kòkó tó wà lókè. Kò sí èso kankan lórí igi náà nígbà mìíràn. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ̀gún wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí lórí ilẹ̀ pálọ̀ ló jẹ́ kó mọ̀. Mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó máa ń fọwọ́ ra ibi ọkàn rẹ̀, tí á máa gùnfẹ̀, tí á ní inú òun kò gba oúnjẹ ọ̀sán. Ojú wa ló ṣe. A ń wò ó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi bóyá ohun tó pa bàbá mi nìyí. Ó fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, “Ó ṣeé ṣe gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tó pa ẹni tí mi ò yẹ̀ wò.” Mo ní kó kọ èyí tó ṣeé ṣe yẹn sínú ìwé fún mi. Ó ní òun kò lè kọ ọ́. Mo bọ́ síta, mo jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo ń sunkún. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Marek ló wá gbé mi lọ sílé. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó ti rò pé nítorí ara mi ni mo ṣe ń sunkún.

Kò sí ẹ̀rí kankan, Màámi. Wọn kò ya àwòrán ọkàn bàbá wa rí. Ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹ ti da kọnkéré bò ó. Mo mọ ohun tí mo mọ̀ nínú ara mi, mi ò sì lè fi han ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe ń ro ìyẹn, wọ́n tún ní kí n wá yan ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọkàn tèmi. Àwọn dókítà jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, wọn kò sì fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀kan ní òun lè tún gba ọrùn ọwọ́ mi wọlé, kí òun ki irin kékeré, tó rí bíi sípíríǹgì inú bírò, sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fún, kó máa gbé wọn ró. Lọ́jọ́ kejì màá ti wà nílé. Èkejì, ọkùnrin kan tó ga, tó ń la àyà èèyàn, ní òun kò fara mọ́ ọn. Ó ní lára oníṣúgà, ibi tí wọ́n bá ki irin sí sábà máa ń tún dí, ibòmíràn náà á sì máa dí kún un. Ó ní nígbà tí ọ̀nà mẹ́ta bá ti bàjẹ́ bíi tèmi yìí, àwọn tí wọ́n bá là máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò là lọ. Wọ́n á yọ iṣan láti ẹsẹ̀ mi àti láti inú àyà, wọ́n á fi la ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ á gbà yí ibi tó dí ká.

Kò fi ìyókù pa mọ́ fún mi. Wọ́n á fi ayùn la egungun àyà mi. Egbò oníṣúgà kì í tètè jinná. Àwọn kan máa ń ní rọpárọsẹ̀ lórí ibi iṣẹ́ abẹ, àwọn díẹ̀ kì í jí. Mo bi í bóyá màá tún wa bọ́ọ̀sì. Ó ní wọn á yẹ̀ mí wò lẹ́yìn náà, òun kò lè ṣèlérí. Mo bi dókítà obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn pé tó bá jẹ́ bàbá tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun náà á sọ fún un pé kó gbà kí wọ́n là á, ṣùgbọ́n àyà mi ni, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kò mọ bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe gùn tó ní ilẹ̀ yìí nígbà òtútù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Òjò tó ń rọ̀ kì í ṣe òjò gidi, ó kàn ń sẹ̀ títí ni. Ẹ mọ̀ pé èmi àti ìyá ọmọ mi ti pínyà, wọ́n wà ní ìlú tó jìnnà sí tèmi, ọmọbìnrin mi sì ń ṣe ìdánwò, mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ̀ rú. Nọ́ọ̀sì kan pè mí pé ta ló máa wà pẹ̀lú mi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, torí mi ò ní lè gbé kẹ́tùlù omi. Mo wá pe orúkọ Marek, láìtíì bi í.

Mo ń ro bí ì bá ṣe rí ká ní ilé ni mo wà. Ẹ máa pe ìpàdé. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ilé bàbá mi á wá sọ̀rọ̀, ohun tó bá sọ la máa ṣe. Mo ń kà wọ́n nínú ọkàn mi, àwọn tó ti kú àti àwọn tó kù. Màámi, Bàbá Kékeré ló dàgbà jù báyìí. Òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí mi.

Mo bẹ Yẹ́misí pé kó bá mi lọ sí Ẹmùré. Kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ, ó bá a níwájú ilé níbi tó ti ń sá ẹ̀gẹ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níbí, bí kò tilẹ̀ lè rí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọkàn tèmi, ṣúgà, àwọn ohun tí mo rántí nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní òun kò ṣe ohunkóhun, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, kó forí jì mí. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Uṣu kan náà la jọ jẹ, Gbénga. Àwo kan náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́.”

Mo ní mo gbọ́ ọ báyìí. Ó ní, “O ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á gbọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ta ni wàá wá sọ fún?”

Nígbà tó yá, ó ń bi mí léèrè ara mi bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wa, ó bi mí bóyá mò ń jẹun, bóyá yàrá mi móoru. Ó sọ fún mi pé òun náà ń lo oògùn ṣúgà, ọdún mẹ́fà, àti pé òun kì í mọ̀ mọ́ tí ẹsẹ̀ òun bá tẹ òkúta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, kó má dúró de ìrora. Ó ní òun á rò ó.

Mo wá sọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pè. Mo ní òun ni àgbà mi, kó sọ fún mi bóyá kí n jẹ́ kí wọ́n là mí tàbí kí n má jẹ́ kí wọ́n là mí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Mi ò ní sọ pé kí o ṣe é. Mi ò ní sọ pé kí o má ṣe é. Tí ohunkóhun bá ṣe ọ́, wọ́n á ní èmi náà ni.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ohùn ẹni tó ń ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ń dun òun ló fi sọ ọ́. Ó wá gbàdúrà fún mi díẹ̀, ó dá fóònù padà fún Yẹ́misí, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ ìsìnkú kì í ṣe pé mo bà á lórúkọ jẹ́ nìkan. Mo gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ni, kò sì lè fún ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn mọ́ nítorí ẹ̀rù. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dá a padà fún un. Mi ò rò pé ó ṣeé dá padà.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo pe ilé ìwòsàn, mo ní kí wọ́n là mí. Mi ò lè sọ pé ìgboyà ni. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rò ó ni. Wọ́n mú mi lọ wo ibi tí wọ́n máa tẹ́ mi sí, wọ́n fá irun àyà mi díẹ̀ fi dán nǹkan wò, wọ́n fún mi ní ọṣẹ pupa kan tí mo gbọ́dọ̀ fi wẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Marek ti gbà pé òun á wá gbé pẹ̀lú mi. Ó ní orí àga pálọ̀ lòun máa sùn, òun sì máa ń han run. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí Yẹ́misí bá fi máa ka èyí fún yín, wọ́n ti là mí tán, ẹ sì ti mọ bó ṣe já sí ju èmi tó ń kọ ọ́ lọ.

Màámi, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí Yẹ́misí mú yín lọ wọn ṣúgà. Kí òun náà wọn tirẹ̀, kó má ní òun kéré, ọmọ bàbá kan náà ni wá. Tí èémí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń kúrú, ẹ má ní ọjọ́ orí ni, ẹ má sì ní nítorí pé àyà kò dùn yín. Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí Bàbá Kékeré fi máa dé Adó. Kó tó gbà, ẹ ní sùúrù fún un.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin àdúgbò wa, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dìde sọ̀rọ̀, èmi náà ló tún ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá jí lórí tábìlì yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́. Tí mi ò bá jí, ẹ má bi ara yín ohun tí mo jẹ. Ẹ má bèèrè ẹni tó pè mí lórí fóònù, tàbí ẹni tí mo bá jà. Ṣúgà ló dí ọ̀nà ọkàn mi, èmi fúnra mi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ọmọ aráyé kankan tó ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé pósí mi, ẹ jẹ́ kó gbé e.

Olúwa á mú yín pẹ́ fún wa, Màámi. Orúnkún yín á fúyẹ́. Ojú yín kò ní rí ohun tí ọkàn yín kò lè gbé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ kí Ìsẹ̀, ẹ sì bá mi kí Ẹmùré dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò bínú sí,
Gbénga.